Ìgbà Mẹ́ta Tí Linux Kan Ilẹ̀kùn Wa ní Ṣómólú àti Bàríga

 

Ìbéèrè kan rèé kí a tó bọ́ sọ́nà. Ta ló ti lo Linux rí nínú yín? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò ní, "Èmi kọ́ o." Ó dáa. Bí fóònù ọwọ́ yín bá jẹ́ Android, ẹ ti ń lo Linux láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Orí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé, bẹ́ẹ̀ ló sì ti rí láti ọdún 2008 tí fóònù Android àkọ́kọ́ ti dé ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹ ki fóònù yẹn bọ àpò, kí ẹ rìn wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe gíráfíìkì ní Bajulaiye, tàbí kí ẹ yà sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó lẹ́yìn Fadeyi. Kọ̀ǹpútà tí ẹ máa bá lórí tábìlì, Windows ló máa wà nínú rẹ̀, CorelDRAW ló sì máa wà ní ṣíṣí. Linux tó kún àpò gbogbo èèyàn kò sí lórí tábìlì. Kí ló fà á?

Àwọn kan á ní owó ni. Ṣebí ọ̀fẹ́ ni Linux! Àwọn mìíràn á ní àwọn èèyàn wa kò mọ̀ ọ́n ni. Ìyẹn náà kò tó àlàyé, nítorí ó kéré tán, ìgbà mẹ́ta ni Linux ti kan ilẹ̀kùn wa. Ìtàn ìgbà mẹ́ta yẹn la fẹ́ sọ lónìí. Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ ni pé ó tún ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹrin báyìí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ láptọ́ọ̀pù tó wà nílé yín ni ọ̀rọ̀ kàn.

Kí ni Linux gan-an?

Kọ̀ǹpútà lásán kò mọ nǹkan kan. Ó nílò ètò kan tí yóò máa darí rẹ̀, tí yóò máa sọ fún bọ́tìnnì, ojú ìwòran àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ohun tí kálukú yóò ṣe. Ètò yìí ni gbogbo ayé ń pè ní operating system. Windows jẹ́ ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ló ni ín, wọ́n ń tà á ni, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ní ọdún 1983, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Richard Stallman, kéde iṣẹ́ kan tó pè ní GNU. Ohun tó fẹ́ ni ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó lè yẹ inú rẹ̀ wò, tó lè tún ṣe, tó sì lè fún aládùúgbò rẹ̀ láìsí pé ó jalè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Finland, Linus Torvalds, kéde pé òun ń kọ apá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ń bá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni Linux. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn méjèèjì pàdé, kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ láìsí Windows.

Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ló ti jáde: Debian ní 1993, Ubuntu ní 2004, Linux Mint ní 2006. Ẹ fi wé ọbẹ̀ ata. Ata kan náà, epo kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sè é nílé tiyín kọ́ ni wọ́n ṣe ń sè é nílé tiwa.

Àdúgbò tó ń fi ìwé jẹun

Kí ìtàn yìí tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ àdúgbò tí a ń sọ. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ tẹ ìwé ní Èkó, Ṣómólú ni wọ́n máa kọ́kọ́ darí yín sí. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà àwọn olóṣèlú, páálí tí wọ́n ń kó oògùn sí, ìwé àkàgbádùn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde. Bàríga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà sì ti ní ìjọba ìdàgbàsókè tirẹ̀ láti ọdún 2003. Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 wà nítòsí ní Àkọkà. Bàríga náà ni CMS Grammar School wà lónìí, ilé-ìwé gírámà tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ọdún 1859 ni wọ́n dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀, ọdún kan náà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta.

Wàyí o, ẹ wo bí iṣẹ́ kan ṣe ń rìn ní Ṣómólú. Oníbàárà gbé iṣẹ́ wá. Ẹni tó ń ṣe gíráfíìkì yà á lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbé e sórí flash, ó gbé flash lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe pléètì. Pléètì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ tún lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ọ̀rá bò ó, ó sì parí sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé e. Ẹni mẹ́rin, ẹni márùn-ún, ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni fáìlì tó wà lórí flash yẹn, fáìlì CorelDRAW sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ̀yin nìkan bá ní ètò mìíràn, tí ẹni tó ń ṣe pléètì kò sì lè ṣí fáìlì yín, iṣẹ́ yín dúró. Oníbàárà kò fẹ́ gbọ́ ìtàn, ọjọ́ ìsìnkú kò ṣeé sún síwájú. Ìdí nìyẹn tí CorelDRAW fi dà bí èdè ọjà: ẹni tó bá wọ ọjà, èdè tí ọjà ń sọ ni yóò sọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ la ń lọ.

Ìgbà kìíní: nígbà tí CorelDRAW fúnra rẹ̀ wọ Linux

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣómólú kò mọ̀ pé CorelDRAW tí wọ́n ń lò ti ṣiṣẹ́ lórí Linux rí. Òótọ́ ni o.

Ilé-iṣẹ́ Corel wà ní Ottawa ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Michael Cowpland ló dá a sílẹ̀ ní 1985, CorelDRAW àkọ́kọ́ sì jáde ní 1989. Nígbà tí ọdún 1999 ń lọ sópin, Corel gbé Linux tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n kọ́ sórí Debian. Wọ́n ṣe é kó rọrùn fún ẹni tó ti mọ́ Windows lára. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé CorelDRAW 9 fún Linux jáde. Ẹ rò ó wò: irinṣẹ́ tí Ṣómólú ń lò gan-an, lórí kọ̀ǹpútà tí kò nílò Windows.

Ilẹ̀kùn yẹn kò pẹ́ ní ṣíṣí. Owó ń tán lọ́wọ́ Corel. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Cowpland fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Microsoft tó ni Windows fi mílíọ̀nù 135 dọ́là ra ìpín nínú Corel. Nígbà tó di 2001, ẹ̀ka Linux ti kúrò lọ́wọ́ Corel, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun kan tó ń jẹ́ Xandros. CorelDRAW orí Linux parí síbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: kò sí ẹnì kankan ní Ṣómólú tó jókòó sípàdé yẹn. Ottawa ni wọ́n ti pinnu irú kọ̀ǹpútà tí ọmọ iṣẹ́ ní Bajulaiye yóò máa lò fún ogún ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà kejì: sídì tó ń bá pósítì wá

Ìgbà kejì yàtọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Ubuntu àkọ́kọ́ jáde. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló fi owó rẹ̀ gbé e dìde. Orúkọ náà wá láti inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa. Ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ohun tí àwa náà ń sọ: èèyàn ni aṣọ mi.

Ìṣòro tó wà nígbà yẹn ni pé Ubuntu tóbi tó sídì kan odidi, nǹkan bíi 700 mẹ́gábáìtì. Lónìí, ẹlòmíràn lè jó irú dátà yẹn lórí TikTok kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ní 2005, ẹni tó ń sanwó wákàtí ní káfẹ́ kò lè dá irú rẹ̀ láṣà. Shuttleworth àti àwọn èèyàn rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní ShipIt. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín, wọn yóò fi sídì ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́, ibi yòówù kí ẹ wà láyé. Kọ́bọ̀ kan ẹ kò ní san. Ètò náà wà títí di 2011.

Ohun mìíràn tún wà nínú sídì yẹn. Ẹ lè dán Ubuntu wò láti orí sídì láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Klaus Knopper ti Jámánì ló sọ àrà yìí di ohun tí ayé mọ̀, nígbà tó gbé Knoppix jáde ní ọdún 2000. Ẹ fi sídì sí i, ẹ tan kọ̀ǹpútà, Linux dé. Ẹ yọ sídì, ẹ tún un tàn, Windows yín wà níbi tí ẹ fi sí.

Ní àwọn ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé Wazobia Linux jáde, èyí tí wọ́n fẹ́ kó máa sọ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Wá, zo, bịa: orúkọ náà gan-an ń pe èèyàn wá ni.

Kí ló dé tí ilẹ̀kùn kejì yìí kò fi ṣí tán? Sídì lè mú kọ̀ǹpútà kan kúrò lórí Windows, kò lè mú àdúgbò kúrò. Àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́ ọnà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nígbà náà. Inkscape tí a fi ń yàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2003 ni. Ọdún 2012 ni LibreOffice tó bẹ̀rẹ̀ sí lè ṣí fáìlì CorelDRAW, ọdún kan lẹ́yìn tí sídì ọ̀fẹ́ ti dópin. Akẹ́kọ̀ọ́ Àkọkà tó fẹ́ kọ́ nípa kọ̀ǹpútà lè gbádùn Ubuntu. Òǹtẹ̀wé tó ń retí pléètì kò lè gbádùn rẹ̀.

Ohun mìíràn tí a gbọ́dọ̀ sọ láìfi bò ni pé Windows náà kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Ayédèrú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní crack, wà níbi gbogbo. Tí ẹni tó ń ta ohun ọ̀fẹ́ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń jí ọjà pín, jíjẹ́ ọ̀fẹ́ kò tún ní agbára kankan mọ́. Ohun tí ọjà mọ̀ ni ọjà yóò mú.

Ìgbà kẹta: kọ̀ǹpútà 17,000

Ọdún 2007 ni ìgbà kẹta, gbogbo Nàìjíríà ló sì kàn. Ìjọba fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, irú èyí tí Intel ń pè ní Classmate PC. Iye tí wọ́n fẹ́ rà jẹ́ 17,000. Linux ni yóò wà nínú wọn, èyí tí Mandriva, ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé, ṣe.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, olórí Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer tó jẹ́ olórí Microsoft. Ó ní àwọn ti parí ọ̀rọ̀, àwọn ti ṣètò gbogbo nǹkan, kí àwọn tó gbọ́ pé oníbàárà yóò sanwó Linux o, ṣùgbọ́n Windows ni yóò wá fi rọ́pò rẹ̀. Ó bi Ballmer ohun tí wọ́n ṣe tí ọ̀rọ̀ fi yí padà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé Microsoft ti ń bá ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn ìpolówó ọjà kan tó tó 400,000 dọ́là. Microsoft ní kò sí ohun àìtọ́ níbẹ̀ àti pé àdéhùn náà kò wáyé. Àjọ ìjọba tó ń sanwó 11,000 nínú kọ̀ǹpútà náà, USPF, wá sọ pé Linux tí wọ́n bá nínú rẹ̀ làwọn fẹ́.

Ẹ wo bó ṣe rí. Lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ọmọ tó fẹ́ lo kọ̀ǹpútà kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń jíròrò. Ṣùgbọ́n ìgbà yìí fi nǹkan kan hàn: ohun tí ọmọ bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń tìtorí rẹ̀ jà. Ètò tí ọmọ fi kọ́ṣẹ́, òun ni yóò gbé wọ ọjà.

Kí ni ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọ́ wa?

Kì í ṣe owó ló dènà Linux ní Ṣómólú. Kì í ṣe àìmọ̀kan pẹ̀lú. Fáìlì tí a jọ ń lò ni. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní 2003 pé àwọn yóò gbé kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú lọ sórí Linux. Nǹkan bíi 15,000 kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé. Ní 2017, ìgbìmọ̀ ìlú náà ní kí wọ́n padà sí Windows. Ọ̀kan lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ráhùn lé lórí ni pé fáìlì kì í lọ geere láàárín wọn àti àwọn ọ́fíìsì mìíràn. Tó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún Munich tòun towó rẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní Bàríga?

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé èdè ọjà ń yí padà díẹ̀díẹ̀. PDF, tí Adobe gbé jáde ní 1993, di ìlànà àgbáyé ní 2008. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan mọ́, ètò tó bá wu ẹnikẹ́ni ló lè fi ṣe é. Tí ẹni tó ń ṣe pléètì bá gba PDF lọ́wọ́ yín, kò kàn án bóyá Windows tàbí Linux lẹ fi ṣe é. Scribus tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lè to ojú ìwé, ó mọ àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, ó sì ń ṣe PDF tí òǹtẹ̀wé lè gbà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi òǹtẹ̀wé yín kì í ṣe "Ṣé ẹ mọ Linux?" Ẹ kàn bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa ń gba PDF?"

Ìgbà kẹrin: láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yín

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fòpin sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Wọ́n fi ọ̀nà àfikún ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11 sì ń béèrè ohun kan tó ń jẹ́ TPM 2.0 àti ẹ̀rọ tí kò gbó jù. Tó bá jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí a ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà kò dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara wọn ṣì le koko. Kọ̀ǹpútà tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́ ṣì ń tàn o, àmọ́ ó dà bí ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọ nù sígboro.

Ilẹ̀kùn kẹrin nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ jókòó sípàdé báyìí. Bí ẹ ṣe lè dán an wò rèé, láìba nǹkan kan jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì yín kọ síbòmíràn. Ẹ wá flash tó tó gígábáìtì mẹ́jọ, kí ẹ sì rántí pé ohun tó bá wà lórí rẹ̀ máa parẹ́. Ẹ gba Linux Mint tàbí Ubuntu sílẹ̀ láti ojúlé rẹ̀ gan-an. Linux Mint lé ní gígábáìtì méjì, Ubuntu sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí náà ẹ wá ibi tí Wi-Fi bá ti dára. Ẹ lo Rufus tàbí balenaEtcher láti gbé e sórí flash. Ẹ tan láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú flash lára rẹ̀, ẹ tẹ F12, F9 tàbí Esc, ó kù sí irú láptọ́ọ̀pù tí ẹ ní, kí ẹ sì yan flash náà. Linux máa ṣí láti orí flash. Ẹ má ì tẹ Install.

Ìdánwò ló kàn. Ṣé Wi-Fi mú? Ṣé ohùn ń jáde? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dáhùn? Ẹ lọ síbi ètò bọ́tìnnì, ẹ wá Nàìjíríà, ẹ yan Yorùbá, kí ẹ wò bóyá ẹ lè kọ orúkọ ara yín pẹ̀lú àmì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú iṣẹ́ oníbàárà kan tó ti parí, fáìlì CorelDRAW gidi, ẹ fi Inkscape tàbí LibreOffice ṣí i. Ẹ wo lẹ́tà, ẹ wo àwọ̀. Tí ó bá dàrú, ẹ ti mọ̀ láìpàdánù kọ́bọ̀, ẹ sì lè ní kí Linux àti Windows jọ máa gbé inú kọ̀ǹpútà kan. Tó bá lọ dáadáa, ẹ wá fi sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣì ń gbé e, nítorí tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń fi sí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ di tuntun.

N kò ní kí gbogbo Ṣómólú kó Windows dànù lọ́la. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí CorelDRAW kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ wò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ní ìgbà kìíní, Ottawa ló yàn fún wa. Ní ìgbà kejì, àwọn irinṣẹ́ kò tíì pé. Ní ìgbà kẹta, àwọn àgbà nínú yàrá ló yàn. Lọ́tẹ̀ yìí, flash kan, dátà díẹ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ti tó láti fi ojú ara yín rí i kí ẹ tó yàn.

Ẹ bá wa fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ronú àtita láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní gbàǹjo nítorí Windows 11. Tí ẹ bá dán an wò, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tó kọ̀. Ó dìgbà kan ná.